Wọ́n fi ẹni tí mo kọ́ ṣe olórí mi nínú ẹgbẹ́ akọrin: báwo ni èèyàn ṣe ń fi ẹlòmíràn ṣáájú tọkàntọkàn?

Ohùn Kejì

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí, pàápàá ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti pẹ́ nínú ìgbàgbọ́.

Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń kọrin báyìí, èmi ni mo kọ́ wọn bí a ti ń gbé ohùn. Nígbà tí olórí wa kúrò, ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ ni àwọn alàgbà yàn rọ́pò rẹ̀. Àárín ìsìn ni mo ti gbọ́ ọ, bí gbogbo ìjọ ṣe gbọ́ ọ. Ọmọ dáadáa ni, n kò ní ẹ̀sùn kankan sí i lọ́rùn. Mo kí i kú oríire, mo sì ń lọ sí ìdánrawò bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti ń pàṣẹ, inú mi a máa gbóná.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín rèé. Pọ́ọ̀lù ní kí olúkúlùkù wa fi ìrẹ̀lẹ̀ ọkàn ka ẹlòmíràn sí ẹni tó sàn ju òun lọ (Fílípì 2:3). Ṣé dandan ni kí n sọ fún ara mi pé ó mọ orin jù mí lọ, nígbà tí mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀? Ìkejì, láti ìgbà náà ni gbogbo iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ ṣe ti ń já lé mi lórí: títo àga, pípe àwọn tó pa ìdánrawò jẹ, ṣíṣe ẹ̀dà ìwé orin. Bí mo bá ní ó ti rẹ̀ mí, wọ́n á ní kí n rẹ ara mi sílẹ̀. Ibo gan-an ni ìrẹ̀lẹ̀ parí sí, ibo sì ni ìrẹ́jẹ ti bẹ̀rẹ̀?

Màmá Ẹgbẹ́ Àdúrà

Ọmọ mi, Olúwa á fún ọ lókun. Inú mi dùn pé o sọ ọ́ síta dípò kí o gbé e mì. Irú nǹkan báyìí, bó bá pẹ́ nínú, ìbínú ni í dà, ìbínú náà á sì di ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn.

Lọ ka ìtàn Bánábà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, má kà á ní ẹyọ ẹyọ. Jósẹ́fù ni orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn àpọ́sítélì ló sọ ọ́ ní Bánábà, Ọmọ Ìtùnú (Ìṣe 4:36). Nígbà tí Sọ́ọ̀lù ará Tásù, ẹni tí a wá ń pè ní Pọ́ọ̀lù, dé Jerúsálẹ́mù lẹ́yìn ìyípadà rẹ̀, tí ẹ̀rù rẹ̀ ń ba gbogbo ọmọ ẹ̀yìn, Bánábà ló fà á lọ́wọ́ lọ bá àwọn àpọ́sítélì tó sì dúró fún un (9:27). Nígbà tí iṣẹ́ pọ̀ ní Ántíókù, Bánábà kan náà ló tún wá a lọ sí Tásù (11:25). Ó lè dá iṣẹ́ yẹn ṣe kí òkìkí rẹ̀ sì jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ orí 13, Bánábà àti Sọ́ọ̀lù ni Ẹ̀mí Mímọ́ pè. Kí orí náà tó parí, ó ti di Pọ́ọ̀lù àti Bánábà. Ẹni tó mú wọlé ti bọ́ síwájú rẹ̀, o kò sì ní rí ibì kankan tí Bánábà ti ráhùn nítorí ìyẹn.

Wọ́n jà lẹ́yìn náà lóòótọ́, ìjà náà sì le débi pé wọ́n pínyà. Ṣùgbọ́n wo ohun tó dá a sílẹ̀: Bánábà fẹ́ kí wọ́n tún fún Jòhánù Máàkù láàyè, ẹni tó ti fi wọ́n sílẹ̀ lójú ọ̀nà (15:36-39). Kò jà nítorí ipò ara rẹ̀, àfi nítorí ọ̀dọ́ tó kùnà. Ọdún gorí ọdún, Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ sí Tímótì pé kí ó mú Máàkù wá, ó wúlò fún òun (2 Tímótì 4:11). Ìgbà tí mo bá dé ibẹ̀ nínú kíkà mi, mo máa ń dúpẹ́ fún Bánábà.

Fún ìwọ báyìí: má dúró dìgbà tí ọkàn rẹ bá rọ̀ kí o tó ṣe ohun tó tọ́. Máa dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà kí o tó jáde lọ sí ìdánrawò, kí o sì béèrè pé kí ó yọrí sí rere, kí orin náà dùn lábẹ́ rẹ̀ ju bó ṣe dùn tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tí o mọ̀ tí kò mọ̀, sọ fún un ní kọ̀rọ̀: ta ni orin tó ga máa ń ni lára, àwọn méjì wo ni kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀, orin wo ló máa ń da ẹgbẹ́ rú. Bí ẹnìkan bá sì wá bi ọ́ ní ohun tó yẹ kí wọ́n bi olórí, ní kí ó lọ bi olórí, bí o tilẹ̀ mọ ìdáhùn rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ yìí, èyí ló ṣòro jù.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwé Mímọ́

Ẹ ṣé é, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n dá sí ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn, torí ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ ló ti fi ẹsẹ Bíbélì yìí ni ara wọn lára láìnídìí.

Rárá, kò sẹ́ni tó ní kí o purọ́ fún ara rẹ. Ka ẹsẹ 3 pọ̀ mọ́ ẹsẹ 4. Pọ́ọ̀lù ń béèrè ibi tí ojú rẹ wà: ṣé ire tìrẹ nìkan lò ń wò, àbí ti ẹlòmíràn pẹ̀lú? Kò ní kí a fi ohùn wé ohùn tàbí kí a fi ọgbọ́n wé ọgbọ́n. O lè mọ orin jù ú lọ, kí ire rẹ̀ sì ṣáájú tìrẹ lójú rẹ. Òbí mọ nǹkan ju ọmọ jòjòló lọ, síbẹ̀ ẹkún ọmọ ni í jí i lóru.

Àpẹẹrẹ tí Pọ́ọ̀lù fi tì í lẹ́yìn ló jẹ́ kí ó yé mi. Ní ẹsẹ 6 sí 8, ẹni tó wà ní àwòrán Ọlọ́run kò rọ̀ mọ́ ipò náà. Ó mú àwòrán ìránṣẹ́, ó sì gbọ́ràn títí dé ojú ikú, àní ikú orí àgbélébùú. Ẹ rántí àwọn tí wọ́n kọ̀wé yìí sí. Lẹ́yìn ogun tó wáyé nítòsí Fílípì ní ọdún 42 ṣáájú ìbí Kristi, Róòmù fi àwọn jagunjagun rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì jókòó síbẹ̀, ó sì sọ ọ́ di ìlú tó ń tẹ̀lé òfin Róòmù. Ohun ìyangàn ni jíjẹ́ ọmọ Róòmù níbẹ̀, oyè àti ipò sì jẹ́ nǹkan ńlá. Àgbélébùú ní tirẹ̀, ikú ẹrú àti ọlọ̀tẹ̀ ni. Wọn kì í sábà fi pa ọmọ Róòmù. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ka lẹ́tà yẹn sókè nínú ìpàdé, etí wọn á ti ta. Ẹni tí wọ́n ń pè ní Olúwa ti gba ibi tó rẹlẹ̀ jù láwùjọ wọn kọjá, kò sì rò nígbà kankan pé òun kéré sí ẹnikẹ́ni.

Ohun kan náà ló wà nínú Jòhánù 13. Gbogbo wa mọ ìtàn wíwẹ ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n a máa ń sáré kọjá ẹsẹ 3. Jòhánù kọ́kọ́ sọ pé Jésù mọ̀ pé Baba ti fi ohun gbogbo lé òun lọ́wọ́, pé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run lòun ti wá, ọ̀dọ̀ Ọlọ́run lòun sì ń lọ. Ìgbà tó sọ ìyẹn tán ló tó sọ pé ó dìde, ó bọ́ aṣọ rẹ̀ lélẹ̀, ó sì di aṣọ ìnura mọ́dìí. Ó mọ ẹni tí òun jẹ́, ìdí nìyẹn tí aṣọ ìnura kò fi lè dín in kù. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ìwòsàn ìbínú tí o sọ yẹn wà. Bí ipò olórí akọrin bá jẹ́ ohun tó ń sọ fún ọ pé o já mọ́ nǹkan, gbogbo àṣẹ tí ọmọ yẹn bá pa ni yóò máa gún ọ. Bó bá dá ọ lójú pé Ọlọ́run ti mọ̀ ọ́, tó sì fẹ́ ọ, àṣẹ lásán ni àṣẹ yóò jẹ́.

Ẹ tún wo àwọn tó wà nídìí tábìlì náà. Lúùkù 22:24 sọ pé alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ń jiyàn ta ni kí a kà sí ẹni ńlá láàárín wọn. Júdásì kò sì tíì jáde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lára ẹsẹ̀ tí Jésù wẹ̀.

Ìránṣẹ́ Kékeré

Ẹsẹ 3 yẹn! N kò kà á báyìí rí. Ẹ ṣeun gan-an ni, sà.

Ìbéèrè tèmi rèé, ó fara jọ ìkejì tí Ohùn Kejì béèrè. Níbi iṣẹ́ mi, ẹnìkan wà tó máa ń fi orúkọ ara rẹ̀ sí iṣẹ́ tí mo bá ṣe. Bí mo bá ti fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ̀rí ọkàn mi á ní ìgbéraga ni. Ṣé kí n máa dákẹ́ ni?

Olùṣọ́ Àgùntàn

Àbúrò mi, má dákẹ́. Mo ti wà nínú iṣẹ́ olùṣọ́ àgùntàn tó pẹ́, mo sì ti rí i tí àwọn tó lágbára fi ọ̀rọ̀ ìrẹ̀lẹ̀ di ẹnu àwọn tí wọ́n ń rẹ́ jẹ. Ó máa ń dùn mí.

Akẹ́kọ̀ọ́ ti sọ̀rọ̀ nípa ìlú Fílípì. Ẹ lọ wo ohun tí Pọ́ọ̀lù ṣe ní ìlú yẹn kan náà kí ó tó kọ lẹ́tà sí wọn nípa ìrẹ̀lẹ̀. Nínú Ìṣe 16, àwọn adájọ́ ní kí wọ́n na òun àti Sílà ní gbangba láìgbọ́ ẹjọ́ wọn, wọ́n sì sọ wọ́n sẹ́wọ̀n. Ní òru, wọ́n ń gbàdúrà, wọ́n ń kọrin. Ilẹ̀ mọ́, àwọn adájọ́ ránṣẹ́ pé kí wọ́n máa lọ. Ẹni tó bá rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni kí a máa gba ohun gbogbo mọ́ra yóò retí pé kí Pọ́ọ̀lù dúpẹ́, kí ó sì rọra yọ́ jáde. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní ọmọ Róòmù ni àwọn, wọ́n na àwọn ní gbangba láìdá àwọn lẹ́bi, wọ́n wá fẹ́ lé àwọn jáde ní ìkọ̀kọ̀. Kí wọ́n wá fúnra wọn kí wọ́n mú àwọn jáde. Wọ́n sì wá, wọ́n ń bẹ̀ wọ́n.

Ta ni ìyẹn ṣe láǹfààní? Pọ́ọ̀lù kò gba kọ́bọ̀ níbẹ̀, ó sì ti ń kúrò nílùú. Ṣùgbọ́n kí ó tó lọ, ó yà sí ilé Lìdíà láti rí àwọn ará. Èrò tèmi ni pé ìjọ kékeré yẹn ló ní lọ́kàn: bí àwọn adájọ́ bá ti mọ̀ pé àwọn ṣẹ̀ sófin, wọ́n á rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó fọwọ́ kan àwọn tó kù. Bí ọ̀rọ̀ náà bá rí bẹ́ẹ̀, nígbà tó ń béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ gan-an ló ń fi ẹlòmíràn ṣáájú.

Olúwa wa náà, nígbà tí wọ́n gbá a létí níwájú olórí àlùfáà, kò gbá wọn padà, ṣùgbọ́n kò ṣàì béèrè: bí mo bá sọ ohun búburú, jẹ́rìí sí i, bó bá sì ṣe rere, èéṣe tí o fi lù mí? (Jòhánù 18:23). Ìbéèrè tó tọ́, láìsí èébú níbẹ̀.

Nítorí náà, Ìránṣẹ́ Kékeré, lọ bá ẹni náà ní ìwọ àti òun nìkan, gẹ́gẹ́ bí Mátíù 18:15 ti wí. Sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, má sọ irú èèyàn tí o rò pé ó jẹ́. "Iṣẹ́ yìí, èmi ni mo ṣe é, orúkọ rẹ ló wà lórí rẹ̀, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe." Bí kò bá gbọ́, sọ fún ẹni tó wà lókè yín. Bí ara rẹ bá ń gbọ̀n láti fi í ṣẹ̀sín níwájú àwọn èèyàn, dúró ná títí yóò fi rọlẹ̀, kí o tó lọ.

Ohun kan ṣì wà tí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá ka ìwé yìí ṣì gbọ́. Ẹni tí wọ́n ń lù nílé, tàbí tí wọ́n ń fi ara rẹ̀ ṣe ohun tí kò fẹ́, Ọlọ́run kò ní kí ó jókòó síbẹ̀ ní orúkọ ìrẹ̀lẹ̀. Kúrò níbẹ̀, sọ fún ẹni tó lè gbà ọ́. Olùṣọ́ àgùntàn tó bá ní kí o padà sínú ewu ti ṣì ọ́ lọ́nà.

Olùtọ́jú Aláìsàn

Àmín sí èyí tó kẹ́yìn yẹn, Bàbá.

Ohùn Kejì, àárẹ̀ tí o sọ ló mú mi dá sí i. Iṣẹ́ ìtọ́jú ni mo ń ṣe, mo sì ń bá àwọn tó ń tọ́jú òbí tàbí ọkọ tàbí aya tó ń ṣàìsàn pàdé. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ onígbàgbọ́ tó gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí àwọn sinmi. Wọ́n á fi ara wọn ṣáájú wákàtí kan péré, ẹ̀rí ọkàn á máa dá wọn lẹ́bi.

Nínú Máàkù 6:31, àwọn èèyàn ń wọlé, wọ́n ń jáde, àwọn àpọ́sítélì kò tilẹ̀ rí àyè jẹun. Jésù ló sọ fún wọn pé kí wọ́n wá sí ibi tó dá, kí wọ́n sinmi díẹ̀. Aláìní kò tíì tán nígbà yẹn. Mósè náà, ọkùnrin tí Ìwé Mímọ́ pè ní ọlọ́kàn tútù ju gbogbo èèyàn lórí ilẹ̀ lọ (Númérì 12:3), ń jókòó dájọ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Jétírò àna rẹ̀ wò ó, ó ní ohun tí o ń ṣe yìí kò dára, àárẹ̀ á mú ìwọ àti àwọn èèyàn yìí pọ̀ (Ẹ́kísódù 18). Ó ní kí ó yan àwọn tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, kí wọ́n bá a gbé e. Mósè gbọ́ sí i lẹ́nu. Ó gbà pé ẹlòmíràn lè ṣe iṣẹ́ tí òun ń ṣe. Nínú àwọn tí mo ń bá pàdé, èyí ló máa ń le fún jù: wọ́n lè fún gbogbo ayé ní ìrànwọ́, ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ní kí òun bá wọn fọ aṣọ, wọ́n á ní kò sí wàhálà. Pétérù ṣe bẹ́ẹ̀ nídìí omi ìwẹsẹ̀, ó ní Olúwa kò ní wẹ ẹsẹ̀ òun láé. Ó dún bí ìrẹ̀lẹ̀ létí. Jésù kò gbà á fún un.

Ẹ tún wo Ẹpafíródítù ní Fílípì 2:25-30. Àwọn ará Fílípì rán an láti lọ ran Pọ́ọ̀lù lọ́wọ́ nínú ìdè. Ó ṣàìsàn débi pé ó kù díẹ̀ kó kú, ohun tó sì ń bà á lọ́kàn jẹ́ ni pé àwọn ará ilé gbọ́ pé òun ń ṣàìsàn. Pọ́ọ̀lù tó nílò rẹ̀ dá a padà sílé, ó ní kí wọ́n fi ayọ̀ gbà á, kí wọ́n bu ọlá fún irú rẹ̀. Ẹlẹ́wọ̀n ni Pọ́ọ̀lù o, ó sì fi olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Nítorí náà, ní ti àga àti ìwé orin yẹn: kọ gbogbo iṣẹ́ náà sílẹ̀, mú un tọ olórí yín lọ, kí o ní, "Mo lè máa ṣe méjì yìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wá ẹni tó máa ṣe ìyókù." Ìyẹn kì í ṣe ìkùnsínú. O tiẹ̀ ti jẹ́ kí ó ṣe iṣẹ́ olórí rẹ̀.

Abánikẹ́dùn

Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni mo fi fẹ́ sọ ohun tí n kò gbà. Ẹ ní kí ó má dúró dìgbà tí ọkàn rẹ̀ bá rọ̀. Òótọ́ ni lápá kan. Ṣùgbọ́n mo ti rí àwọn tó fi ẹ̀rín bo inú tó ń hó, wọ́n ń sìn, wọ́n ń tẹrí ba, títí ọjọ́ kan tí gbogbo rẹ̀ fi tú síta tó sì pín ìjọ. Kólósè 2:23 kìlọ̀ nípa ìrẹ̀lẹ̀ tó ní àwòrán ọgbọ́n tí kò sì ní agbára kankan lórí ìfẹ́ ara. Ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ bá Ọlọ́run sọ òótọ́ inú rẹ̀.

Ẹ wo Kéènì. Nígbà tí inú rẹ̀ bàjẹ́ nítorí pé a gba ọrẹ àbúrò rẹ̀, Ọlọ́run bi í pé èéṣe tí inú fi ń bí ọ, èéṣe tí ojú rẹ sì fi rẹ̀wẹ̀sì (Jẹ́nẹ́sísì 4:6)? Kò tíì pa ẹnikẹ́ni nígbà náà. Ọlọ́run fún un láyè láti dáhùn. Kéènì kò dáhùn, Ébẹ́lì ló bá sọ̀rọ̀, inú pápá ló sì mú un lọ.

Ọba Sọ́ọ̀lù ti Ísírẹ́lì àti Jónátánì tún jẹ́ bàbá àti ọmọ nínú ilé kan. Àwọn obìnrin kọrin pé Sọ́ọ̀lù pa ẹgbẹ̀rún, Dáfídì pa ẹgbàárùn-ún. Láti ọjọ́ náà ni Sọ́ọ̀lù ti ń fojú burúkú wo Dáfídì. Ṣùgbọ́n Jónátánì ni yóò jọba lẹ́yìn bàbá rẹ̀. Òun ni ìgbéga Dáfídì gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ jù, bàbá rẹ̀ sì là á mọ́ ọn lójú pé níwọ̀n ìgbà tí ọmọ Jésè bá wà láàyè, ìjọba rẹ̀ kò ní dúró (1 Sámúẹ́lì 20:31). Ó ti bọ́ aṣọ ìgúnwà rẹ̀ fún Dáfídì ná, àti idà, ọrun àti àmùrè. Nígbà tó yá, ó wá a lọ sínú igbó, ó fún ọwọ́ rẹ̀ lókun, ó ní ìwọ ni yóò jọba, èmi ni yóò ṣe ìkejì rẹ (23:17). Ó sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀ pé ipò kejì ni tòun. Mo rò pé ọmọ wa yìí gbọ́dọ̀ dé ibi tí òun náà ti lè sọ ọ́, níwájú Ọlọ́run ná, kì í ṣe kí ó kàn máa to àga.

Màmá Ẹgbẹ́ Àdúrà

Abánikẹ́dùn, mo gbọ́, mo sì gbà. Kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀tàn ni mo ní lọ́kàn. Kí ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Ọlọ́run bó ṣe rí, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó korò níbẹ̀, Sáàmù kún fún irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó dìde lórí eékún rẹ̀, kí ó lọ kọrin, bí inú náà kò tilẹ̀ tíì tutù tán. Àwọn méjèèjì ń lọ pọ̀ ni. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà pé ọwọ́ tó ń ṣe rere ló ń fa ọkàn wá.

Ọ̀dọ́ Tó Ń Wá Olúwa

Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni a ṣe ń gba ìyìn? Bí wọ́n bá yìn mí, mo máa ń sọ pé "èmi kọ́, Ọlọ́run ni", ṣùgbọ́n mo máa ń fẹ́ kí wọ́n tún un sọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwé Mímọ́

Sọ pé "ẹ ṣeun", kí o sì bi ẹni náà léèrè nípa tirẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹlòmíràn bá bá ọ ṣe é, dárúkọ rẹ̀. Nígbà tí o bá dá wà, 1 Kọ́ríńtì 4:7 tó láti gbàdúrà lé lórí: kí ni o ní tí o kò rí gbà?

Ohun rere tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ sí, máa ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀ kí o má sì gbé àwòrán rẹ̀ sórí ìkànnì. Mátíù 6:1-4 ṣe kedere.

Olórí Tuntun

Mo ti ń ka ìjíròrò yìí láti òkè, ó sì ká mi lára, torí ìhà kejì ni mo wà. Wọ́n fi mí ṣe olórí àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, ẹni tó kọ́ mi wà lára wọn. Ẹ̀gbọ́n Ohùn Kejì, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ ẹni tó wà níwájú.

Ẹ̀rù ń bà á. Àṣẹ tó dà bíi pé ó le yẹn, ìbẹ̀rù ló sábà ń jẹ́. Ó mọ̀ pé ẹ mọ iṣẹ́ náà jù òun lọ, ó sì ń wo ojú yín nígbàkígbà tó bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó kọ́ mi kì í yẹ̀ fún mi nípàdé. Bí mo bá ṣì í, kì í sọ ọ́ níbẹ̀; á dúró títí àwọn yòókù á fi lọ, á ní, "Wò ó, báyìí la ṣe lè ṣe èyí nígbà mìíràn." Bí ẹnìkan bá lọ bá a pé ìgbà tirẹ̀ dára ju tèmi lọ, kì í jẹ́ kí ó sọ ọ́ tán. N kò rò pé ó mọ bí ìyẹn ti gbé mi ró tó. Jòhánù Onítẹ̀bọmi ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, nígbà tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ wá ráhùn pé ọ̀dọ̀ Jésù ni gbogbo èèyàn ń lọ, tó ní ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó máa ń yọ̀ bó bá gbọ́ ohùn ọkọ ìyàwó (Jòhánù 3:26-30).

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí wọ́n bá fi jẹ olórí bíi tèmi, ẹ má dúró kí àgbà máa wá yín kiri. Ẹ lọ bá wọn ṣáájú ìpàdé. Ẹ bi wọ́n léèrè, kí ẹ sì lo ohun tí wọ́n bá sọ, kí ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ mọ̀ pé ọ̀dọ̀ wọn ló ti wá. Pọ́ọ̀lù ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe gan ìgbà èwe Tímótì (1 Tímótì 4:12). Nínú orí tó tẹ̀ lé e, ó ní kí Tímótì má ṣe bá àgbà wí, kí ó máa gbà á níyànjú bíi bàbá. Ẹ mú méjèèjì pọ̀.

Olùṣọ́ Àgùntàn

Ọlọ́run bù kún ọ, Olórí Tuntun.

Mo fẹ́ bá àwọn alàgbà àti olùṣọ́ àgùntàn ẹlẹgbẹ́ mi tó ń ka èyí sọ̀rọ̀. Gbogbo wa ti gba Ohùn Kejì níyànjú bí yóò ṣe rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní àárín ìsìn lòun ti gbọ́ ọ, bí gbogbo ìjọ ṣe gbọ́ ọ. Èyí kò dára. Fífi ẹlòmíràn ṣáájú kan àwa tó wà nípò kí ó tó kan ẹni tó jókòó lẹ́yìn.

Nínú Ìṣe 6, àwọn ọmọ ẹ̀yìn tó ń sọ èdè Gíríìkì ráhùn pé wọ́n ń gbójú fo àwọn opó wọn nínú ìpín ojoojúmọ́. Àwọn àpọ́sítélì kò ní kí wọ́n lọ rẹ ara wọn sílẹ̀. Wọ́n pe gbogbo ìjọ, wọ́n sọ bí iṣẹ́ ṣe rí lọ́rùn àwọn, wọ́n sì ní kí ìjọ fúnra rẹ̀ yan èèyàn méje. Orúkọ àwọn méjèèje, orúkọ Gíríìkì ni. Ó jọ pé ọwọ́ àwọn tó ń ráhùn gan-an ni wọ́n fi ìpín náà lé, ti gbogbo ìjọ pátá.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ yan ẹnìkan sípò tí ẹlòmíràn ti ń fi ara ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ pe ẹni náà sọ́dọ̀ kí ẹ tó kéde. Ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún un ní òótọ́. Ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀, kódà bó bá sunkún. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú ìjọ lọ́jọ́ tí ẹ bá ń fi ẹni tuntun hàn, kí ẹ dárúkọ ohun tó ṣe ní pàtó. Ohùn Kejì, bí àwọn alàgbà yín kò bá ṣe èyí, o lẹ́tọ̀ọ́ láti lọ bá wọn, kí o sọ pé bí wọ́n ṣe kéde rẹ̀ dùn ọ́. Mú ẹnìkan dání bó bá wù ọ́. Lẹ́yìn náà, kí o sì lọ sí ìdánrawò.